Bí ẹ ṣe lè gbọ́ ohùn tó sá pamọ́ sínú orin

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè Fìà, níbí ní Òṣogbo. Ohun tó là mí létí jù lọ ni kí n máa gbọ́ orin lẹ́yọ lẹ́yọ: ohùn lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Bohemian Rhapsody ṣe é, orin tí Queen, ẹgbẹ́ olórin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1975.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lódindi títí yóò fi mọ́ yín lára. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, nítorí kíkùn rẹ̀ máa ń bo mímí akọrin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ohùn sọ́tọ̀. Spleeter, ètò kọ̀ǹpútà tí Deezer, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2019, lè pín orin sí apá 2, 4 tàbí 5. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń méfò o: bí ẹ bá gbọ́ nǹkan bí omi tó ń hó lẹ́yìn ohùn, akọrin kọ́ ló ṣe é. Téèpù sítúdíò gan-an kì í nírú ẹ̀.

Ẹ wá dé ibi tó dà bí ọ̀pẹ́rà. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àbí? Ẹni mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ́ Queen ni: Freddie Mercury, Brian May àti Roger Taylor. Wọ́n ń kọrin lé ohùn ara wọn lórí léraléra, lórí téèpù onílà 24, ìyẹn téèpù tó lè gba ohùn 24 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí May fi sọ pé téèpù náà fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Taylor ló wà lókè pátápátá, May wà nísàlẹ̀. Ẹ dijú, kí ẹ tẹ̀ lé ohùn òkè nìkan dé òpin. Ẹ padà, kí ẹ mú ti ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kó bá ara wọn mu gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ tíntìntín yẹn ló ń sọ ẹni mẹ́ta di ogunlọ́gọ̀.

Ní báyìí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ pa béèsì nìkan. Bí ìgbà tí wọ́n bá yọ gúdúgúdú kúrò lẹ́yìn ìyáàlù ni: ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ló máa tàsé.

Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn akọrin wa. Mo gba ohùn obìnrin mẹ́ta sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì. Màmá kan gbọ́ tirẹ̀ nìkan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, pa á.” Nígbà tí mo da gbogbo ohùn náà pọ̀, àwọn náà ló ní kí n tún un gbé sí i.