Ẹ má fi PLA ṣe họ́dà fóònù ọkọ̀ yín mọ́, àti àwọn àṣìṣe mìíràn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún gbé họ́dà fóònù tó ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti sanwó àwòrán, ó ti sanwó kí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ẹ́ jáde, ó tún fẹ́ sanwó àtúnṣe. Ó dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ asáré, tí ẹ fẹ́ họ́dà tó máa bá inú ọkọ̀ mu bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló ti wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́.

Àṣìṣe kìíní: PLA, irú ike kan tí ẹ̀rọ 3D fi ń tẹ nǹkan jáde. Èyí ni mo máa pẹ́ lórí, torí òun ló ń jẹ owó yín jù. Ó rọrùn láti fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, ó pọ́kú, ó sì ń dán lójú. Ṣùgbọ́n tí ooru bá ti tó nǹkan bí 60°C, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nìyẹn. Ẹ páàkì sínú oòrùn ọ̀sán ní Èkó, ẹ ti gbogbo fèrèsé, kí ẹ padà wá fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú yẹn. Ó lè ju 70°C lọ. Ti ọkọ̀ asáré tún le sí i, torí gíláàsì iwájú rẹ̀ dà sẹ́yìn gan-an, oòrùn sì ń bọ́ tààrà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Họ́dà àkọ́kọ́ tí mo ṣe sínú ọkọ̀ asáré mi, Mazda MX-5, PLA ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á, tí mo ń fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn ihò AC rẹ̀ roboto. Ó jókòó síbẹ̀ bí eyín nínú èrìgì. Mo páàkì síwájú báńkì kan ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí màá fi jáde, apá họ́dà ti wálẹ̀, ó dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì. Mo tì í sókè, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi bí rọ́bà, ó sì gan bẹ́ẹ̀ nígbà tó tutù. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ló wà dòní, kí oníbàárà tó bá ní PLA ti tó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

PETG sàn jù ú lọ, nǹkan bí 80°C ni tirẹ̀. ASA ni mò ń lò: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100°C kó tó rọ̀, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ẹ béèrè irú ike tí wọ́n fẹ́ lò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkejì: ẹ má gbé họ́dà síwájú airbag láéláé, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Tí àpò náà bá bú jáde, fóònù á di òkò sójú ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SRS AIRBAG sí kí ẹ tó gbé kálípà.

Ẹ̀kẹta: sùpá gúlùù máa ń fi èérí funfun sára ike. Ẹ má lò ó.

Tí họ́dà yín bá ń já bọ́, téèpù olójú méjì ò ṣẹ̀ yín. Òróró ìdán tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi pa dáṣíbọ́ọ̀dù ni kì í jẹ́ kó mú. Ẹ fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ téèpù mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ má gbé fóònù sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. VHB, irú téèpù olójú méjì tó lágbára gan-an, ń gba wákàtí 72 kó tó lágbára tán.

Kí ẹ tó yàwòrán, ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ gé páálí tó tóbi bíi fóònù yín pẹ̀lú àpò rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹ wá ki jíà sí nọ́ńbà 3. Iwájú ni nọ́ńbà 3 àti 5 ń lọ, ẹ̀yìn ọwọ́ yín á sì máa gbá ohun tó bá rọ̀ sábẹ́ rédíò. Oníbàárà mi kan kọ̀ láti dán an wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó dé, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ti bó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ apá họ́dà ní ìdúró. Ìpele lórí ìpele ni ike yìí, ibi tí ìpele ti lẹ̀ mọ́ra ló ti ń ya. Sípíríńgì ọkọ̀ asáré le, gálópù kan ṣoṣo á ṣẹ́ ẹ.

A ti tún ti ẹni ọ̀sẹ̀ tó kọjá tẹ̀ ní ASA, ní ìdùbúlẹ̀. Sátidé ló ń bọ̀ wá gbà á. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró kan dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ títí dìgbà náà.