Ẹ má fọ́ ike owó ẹyọ tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní àṣìṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa owó ẹyọ jọ ní Amẹ́ríkà, bí PCGS tàbí NGC, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì, tí wọ́n sì ń dè é mọ́nú ike, bá kọ ọdún tí kò tọ̀nà sára lébẹ́ẹ̀lì owó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ike rẹ̀. Bó ṣe wà nínú ike yẹn gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ní Registered Mail, ètò tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní fún ẹrù olówó iyebíye. Ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni ẹ̀rí yín pé ọ̀dọ̀ wọn ni àṣìṣe ti wá. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí wọn, kí ẹ sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, kí nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì hàn kedere. Ẹ di í pinpin, kí ẹ gbọn páálí náà létí. Bí ẹ bá gbọ́ kó-kó-kó, ẹ tún fi fóòmù sí i. Téèpù pépà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀rá tó ń dán, torí àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ máa lu òǹtẹ̀ sí gbogbo ojú ibi tí ẹ lẹ̀, òǹtẹ̀ kì í sì í mú lára ọ̀rá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà ní kántà! Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá gba ẹrù náà ló ń fọwọ́ sí i, ìbánigbófò rẹ̀ sì lè tó $50,000. Àmọ́ àtúnṣe lébẹ́ẹ̀lì nìkan lèyí wà fún o. Bó bá jẹ́ máàkì tí wọ́n fún owó náà ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ìyẹn ní fọ́ọ̀mù àti owó sísan tirẹ̀.