Bí a ṣe kó máṣíìnì káfíńtà àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun

Máṣíìnì mẹ́ta ni mo ní láti kó: bandsaw ńlá kan (ayùn rẹ̀ dà bí bẹ́líìtì tó ń yí po), pléènì tó ń tẹ́ ojú pákó, àti lathe tó ń yí igi ká lè gbẹ́ ẹ ní roboto. Gbogbo wọn ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí, irin kásìtì (irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù) ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bandsaw yẹn nìkan, àwo tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ní kílò 870 ni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó wò ó báyìí, tẹ́ ẹ bá gé irin kásìtì bí àpótí ìjókòó, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, á ti lé ní kílò 190, bẹ́ẹ̀ àpótí lásán nìyẹn o.

Mo ti ra páìpù irin mẹ́fà tí a máa fi yí máṣíìnì lọ kí n tó ronú kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo wá wọ̀n ọ́n, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tuntun ga ní mítà 2.1, bandsaw ga ní 2.3. Kò lè wọlé lóòró, àfi ká tẹ́ ẹ. Ẹ wọn ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, jàre.

Mo tú gbogbo ohun tó ṣeé tú: motor, tábìlì, bẹ́líìtì, abẹ inú pléènì (abẹ yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ, torí ó máa ń gé èèyàn nígbà tí máṣíìnì ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́). Mo fi fóònù ya fọ́tò wáyà kí n tó tú u, bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan wọ ọ̀rá tirẹ̀, mo sì kọ ọ́ sára ọ̀rá. Ibi tí okùn máa gbà nìkan ló le. Kásìtì lágbára tí wọ́n bá gbé ẹrù lé e, àmọ́ kò fẹ́ ká fà á, kò sì fẹ́ ká gbá a, kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń kán pàù. Torí náà abẹ́ ìdí pléènì la gba okùn kọjá, a ò fọwọ́ kan etí tábìlì rẹ̀ rárá.

Páìpù ló gbádùn mọ́ mi jù. Ẹ fi ọ̀pá irin gbé igun kan máṣíìnì sókè níwọ̀n ìka méjì, ẹ ki pákó sábẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sí igun kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí páìpù á fi wọ abẹ́. Mo ní ìka méjì o, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá yọ̀ orí pákó náà ló máa padà bọ́ sí. Páìpù tó bá yọ lẹ́yìn, ẹ gbé e síwájú, igi lẹ fi máa tì í wọlé, kì í ṣe ìka. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, ẹ dábùú páìpù iwájú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á yà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi ọwọ́ kan ti pléènì yẹn, ló bá ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó kan títẹ́ bandsaw ni ẹ̀rín tán. Orí rẹ̀ ló wúwo, ìdí rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n kan tó mọ iṣẹ́ ẹrù wíwúwo dáadáa ló bá wa so chain block (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ṣéènì gbé ẹrù wúwo sókè sódò) mọ́ irin òkè, ó ní ká kó táyà àlòkù mẹ́rin síbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa sùn sí, mo sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé vulcanizer ni wá ni. A ń rọra tú ṣéènì sílẹ̀, ó ti dagun dáadáa, ni ìdí rẹ̀ bá yọ̀. Mo ti gbá gbogbo ilẹ̀, mi ò rántí pé èérún pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì fúnra rẹ̀, ibi tí kò ti kúrò látìgbà tí wọ́n gbé e débẹ̀, epo sì ti pò ó pọ̀. Ọwọ́ mi ti nà lọ gbá a mú. Ẹ̀gbọ́n pariwo, “Fi sílẹ̀! Ó lè já!” Mo fi sílẹ̀. Ó fi ìdí wọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì jókòó gbì sórí táyà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú nípa ọ̀rọ̀ táyà yẹn.” Wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn.

Ojú ọ̀nà ò ní wàhálà, lọ́rì tí ìdí rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ la lò, ṣéènì mẹ́rin, bandsaw sùn.

Níbi tuntun, a fi lẹ́fẹ́lì wo ilẹ̀, a ki páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ igun tó bá relẹ̀ kó tó di pé a di bóòtù, torí tẹ́ ẹ bá fi tipátipá di pléènì mọ́ ilẹ̀ tí kò gún, ara rẹ̀ máa lọ́ ni, tábìlì méjèèjì ò sì ní dọ́gba mọ́. Mo tan bandsaw láìtíì fi ayùn sí i, ó ń yí sẹ́yìn, ká ní ayùn wà lára rẹ̀, òkè ni ayùn á máa sáré lọ, á sì máa gbé pákó sókè. Fésì mẹ́ta ni iná rẹ̀ (wáyà iná mẹ́ta ló ń wọ motor, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ méjì, á yí sí òdì kejì), mo pa á, mo pààrọ̀ wáyà méjì nínú mẹ́ta, ó dáa.

Lathe ṣì wà lórí páìpù lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mi ò tíì mọ ibi tí màá gbé e sí, ẹni tó bá ń wọlé á fi ẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ná.