Àká àgbàdo fún sáà kan: bí a ṣe ń kọ́ ọ àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ

Àká tí a fẹ́ lò fún sáà kan péré kò gba sìmẹ́ǹtì. Igi, ọparun àti koríko tó o.

Ẹ wá ibi tí omi kì í dá ró sí, tó jìnnà sí igbó àti sí igi tí eku lè ti bẹ́ sórí òrùlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ jù. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, kó fẹ̀ tó nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà. Níbi tó gbẹ dáadáa, ó lè tó mítà kan àtààbọ̀. Bí àgbàdo bá pọ̀, ẹ fi kún gígùn rẹ̀. Nínú àká fífẹ̀, àgbàdo àárín ló máa kọ́kọ́ bu, torí atẹ́gùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ gbé ilẹ̀ àká ga tó mítà kan. Ẹ ká páànù bí àrọ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu gbòòrò rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Eku á gùn ún dé abẹ́ páànù, á sì há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkàbà kan ṣoṣo tí ẹnì kan gbàgbé sára àká ti sọ iṣẹ́ yẹn di òfo.

Ẹ bó háhá kúrò, ẹ ṣa èyí tó ti bu tàbí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, ẹ má sì kó tuntun lé àgbàdo èṣín lórí.

Ó wá ku ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ẹnì kan ni kó jẹ́. Àká tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ní olùtọ́jú. Kó máa kọ orúkọ olóko, iye tó kó wọlé àti ọjọ́ tó kó o wá sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ àárín àgbàdo títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ibẹ̀ bá móoru, tàbí tó ń rùn, kó kó o síta sá lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ tó rọ ọ́ sápò, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ àti hóró àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ju ìdá 15 nínú 100 lọ: ẹ tún un sá.

Èyí tó bá ti bu, ẹ má fi bọ́ adìyẹ. Oró inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á.