Ọ̀rá ni myelin: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ fọ́nrán iṣan wò

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé síláìdì mẹ́rìnlélógún wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní oògùn tí òun fún àwọn eku òun ti ba myelin wọn jẹ́, ìyẹn ìbòrí tó wé mọ́ fọ́nrán iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ara, torí ihò funfun ló yí gbogbo axon (fọ́nrán tí ìbòrí náà bò) ká. Mo ní kó fi ti àwọn eku tí kò gba oògùn hàn mí. Ihò kan náà ló wà níbẹ̀. Owó eku, owó oúnjẹ eku, owó kẹ́míkà, gbogbo rẹ̀ ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó kì í nílọ̀.

1. Wíwá myelin nínú iṣan tí wọ́n ti fi sínú ìda. Èyí ló ń dùn mí jù. Gbogbo wa la ti há ọ̀nà náà sórí: fọ́málìn, ọ́kọ́hóòlù, xylene, ìda, kí á tó wá fi aró hematoxylin àti eosin sí i. Ó dára fún kíndìnrín, ó dára fún ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n tí myelin bá gbẹ, nǹkan bí 70 sí 80 nínú ìdá 100 rẹ̀ ni ọ̀rá. Fọ́málìn kì í di ọ̀rá mú dáadáa, ọ́kọ́hóòlù àti xylene á sì yọ́ ọ lọ. Pùrótéènì tó rí bí òwú aláǹtakùn nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ fọ epo kúrò lára aṣọ tán, ẹ wá ń bi aṣọ pé epo dà!

Kẹ́míkà tó ń jẹ́ osmium tetroxide ló ń di ọ̀rá náà mú, tó sì ń sọ ọ́ di dúdú, tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á fi yọ bí òrùka. Tó bá jẹ́ ìda nìkan lẹ ní, ẹ lo aró Luxol fast blue, tí Klüver àti Barrera gbé jáde ní 1953. Osmium wọ́n bí ojú, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà á kí wọ́n lè ki odindi iṣan sínú rẹ̀. Kì í wọlé ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fọ́nrán àárín kò ní myelin, kí ọ̀gá mi tó ní kí n gé òmíràn tó tín-ín-rín. Àárín dúdú kirikiri. Ẹ má sì ṣí ìgò rẹ̀ níta àpótí afámù èéfín láé. Ojú ni èéfín rẹ̀ ń bà jẹ́.

2. Jíju iṣan sínú fọ́málìn bó ṣe jáde. Á sún kì, á ká kò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí kó lẹ̀ mọ́ ọn ná.

3. Ẹ má fi ẹ̀mú mú àárín iṣan.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń wá àlàfo Ranvier, ìyẹn ibi tí myelin ti dá dúró lára fọ́nrán, nínú iṣan tí wọ́n gé ní ìbú. Àlàfo yẹn fẹ̀ tó máíkírómítà kan péré, nígbà tí ibi tí myelin bò láàárín méjì nínú fọ́nrán ńlá lè gùn tó mílímítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: bíi ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún lẹ máa bá pàdé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ya àwọn fọ́nrán sọ́tọ̀ lórí síláìdì, kí ẹ wò wọ́n ní gígùn. Bí ẹ bá rí ìlà tó dagun wọnú myelin, tó rí bí àrọ, àlàfo Schmidt àti Lanterman ni. Ẹ má pè é ní sísán.

Ní ti kíka ìpele myelin, kò ṣeé fi máíkírósíkóòpù oníná lásán kà. Ìpele kan kò tó 20 nánómítà, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá sún mọ́ra ju nǹkan bí 200 lọ, ìmọ́lẹ̀ kò lè yà wọ́n. Máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni Geren lò ní 1954 kó tó fi hàn pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì Schwann, tó ń ṣe myelin iṣan, ń fi awọ ara rẹ̀ wé axon yípo yípo.

Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ náà bóyá iṣan kankan ṣẹ́ kù nínú fọ́málìn, tí kò tíì kan ọ́kọ́hóòlù. Ó ní mẹ́ta. A gé e wẹ́wẹ́, a kì í sínú osmium. Nígbà tá a wò ó, òrùka dúdú ló kún ibẹ̀, títí kan ti eku tó gba oògùn.