Aago ọwọ́ Seiko 5 tó ń fi ìṣẹ́jú 6 sáré lójúmọ́: òòfà ló mú un

Ẹ̀rọ 7S26 ló wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 ló fi ń sáré lójúmọ́, ìyẹn kò burú fún irú ẹ̀rọ yìí. Lójijì ló di ìṣẹ́jú 6.

Mo wọ̀ ọ́ fún odidi ọjọ́ méjì kí sípíríǹgì tó ń fún un lágbára lè kún dáadáa (mímì ọwọ́ ló ń yí i). Pàbó. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti irin kékeré tó ń dín eré kù díẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan tó dín kù. Mo dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Kọ́ńpáàsì ló tú àṣírí. Mo gbé aago sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ fì gan-an. (Irin lásán náà lè fa abẹ́rẹ́ díẹ̀, ẹ fi aago mìíràn wé e.) Tí òòfà bá mú sípíríǹgì tín-ín-rín ara bálánsì (àgbá kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ láti díwọ̀n eré aago), àwọn ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á dà bíi pé ó kúrú, aago á máa sáré.

Mo yá àpótí tí wọ́n fi ń yọ òòfà lọ́wọ́ alátùn-únṣe aago kan nítòsí Ọjà Ọba, Akúrẹ́. Iná gbọ́dọ̀ wà o. Ẹ gbé aago lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí ẹ rọra gbé aago sókè títí á fi tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ tó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Èmi kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì sílẹ̀ nígbà tí aago ṣì wà lórí àpótí: òòfà tún wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ṣe é.

Lẹ́yìn wákàtí 24, ìṣẹ́jú àáyá 17 ló fi sáré. Ìbòrí fóònù olóòfà ni mo fura sí pé ó fà á. Tí kọ́ńpáàsì kò bá mì rárá, ó lè jẹ́ epo ló kan sípíríǹgì tín-ín-rín yẹn. Ìyẹn ń fẹ́ fífọ̀.