Bí a ṣe ń fi fóònù kàwé ní yunifásítì láti ilé

Akẹ́kọ̀ọ́ National Open University of Nigeria, tí a mọ̀ sí NOUN, kì í jókòó níwájú olùkọ́ lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti jí yunifásítì náà dìde ní 2001, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti dá a dúró ní 1984, ìwé, ohùn, fídíò àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá a nílé. Dátà wọ́n, iná ìjọba kò sì ṣeé gbára lé. Nítorí náà, èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀kọ́ sórí fóònù. NOUN kó wọn sórí ìkànnì rẹ̀ ní PDF, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi kóòdù kọ́ọ̀sì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹ wá pa dátà, kí ẹ sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé ojú ewé tó kẹ́yìn, nítorí fáìlì tí kò wọlé tán kì í sábà fi ara rẹ̀ hàn títí di òru tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn, tí mo kà sí ohun èlò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fojú fò jù. Bí ẹ bá ti ka orí kan tán, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín ṣàlàyé rẹ̀ sínú fóònù, kódà ní èdè Yorùbá bó bá yé yín jù bẹ́ẹ̀. Ohùn wákàtí kan tí a gbà sílẹ̀ ní kílóbíìtì 64 fún ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29 lọ. Ẹni tó ń tajà ní ìsọ̀, tàbí tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lè máa gbọ́ ọ láìwo fóònù. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ara yín tí ẹ ń kólòlò, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí nínú ìwé.

Fídíò ń jẹ dátà ju ohùn lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ fi í mọ sí ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí, bí ìṣirò tàbí àwòrán. Ní kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa kámẹ́rà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA gba máàkì 30 nínú 100, ìdánwò sì gba 70. Ẹ má ṣe fi TMA di ọjọ́ tí wọn yóò tì í, torí ọjọ́ náà ni èrò ń rọ́ wọ ìkànnì. WhatsApp dára fún ìfilọ̀ àti ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n bá pín níbẹ̀, ẹ fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á. Bí ìdánwò yín bá jẹ́ èyí tí a ń fi bírò kọ, ẹ ti máa fi ọwọ́ kọ ìdáhùn sórí ìwé láti oṣù tó ṣáájú, nítorí ọwọ́ tí kò mọ̀ ju títẹ fóònù lọ máa ń tètè rẹ̀.